Pákó Ṣùkúrátù

Pákó kẹta náà tún yà kúrò lójú ìlà. Múrítàlá rí i bó ṣe ń yà, ó fẹ́ fi ọwọ́ òsì tì í padà, àmọ́ ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ayùn sì ti jẹ wọ ibi tí kò yẹ. Ó pa ẹ̀rọ bánsọ́ọ̀ náà. Ayùn rẹ̀ tó rí bíi bẹ́líìtì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Ó gbé pákó sókè, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí gbágungbàgun. Ó jù ú sórí méjì tó ti bàjẹ́ ṣáájú.

Sirajudeen, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ fìlà. Kò rí irú èyí rí. Láti ìgbà tí Múrítàlá ti ń la igi ní Mafoluku, kì í lo nǹkan kan ju ojú àti ọwọ́ lọ láti mú pákó dúró lójú ìlà. Bí Mùsùlùmí kan bá kú ládùúgbò, òun ni mọ́ṣáláṣí máa ń ránṣẹ́ sí pé kó la pákó tí wọ́n máa tò sórí òkú nínú sàréè, kí yẹ̀pẹ̀ má baà dà lé e. Kì í gba kọ́bọ̀. Sàráà ló fi ń ṣe. Ó ti là á fún àgbà, ó ti là á fún ọmọdé, ó sì máa ń kọrin sínú nígbà mìíràn bó ti ń là á.

Ti òní, ti Ṣùkúrátù ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá Ameenat," ni Sirajudeen wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ jẹ́ n bá yín là á. Ẹ lọ jókòó ti àwọn èèyàn yín."

"Èmi ni mo máa là á."

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Mo rí i. Màá ṣe gáìdì fún un."

Gáìdì ni igi tó tọ́ tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ, kí pákó lè fara tì í wọlé sẹ́nu ayùn láì yà. Múrítàlá fúnra rẹ̀ ti fi àwọn tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní wọ́n dà bí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn nígbà tí ẹsẹ̀ ò dùn ún.

Ìgbà tí wọ́n ń kírun àsùbáà lọ́wọ́ ni Ṣùkúrátù dákẹ́. Kíndìnrín ló ti ń bá a fà á láti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni wọ́n máa sin ín, torí wọn kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an nilé wọn wà. Tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, Múrítàlá ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń gbé omi wọlé láti fi wẹ̀ ẹ́.

Igi tó tọ́ ò pọ̀ nílẹ̀. Ẹyọ kan ló wà, ọ̀gànwó tó ti gbẹ dáadáa, tó fara ti ògiri. Ti tábìlì ìránṣọ Ṣùkúrátù ni. Ó pẹ́ tí Múrítàlá ti ń ṣèlérí tábìlì náà fún un. Ẹ sáà mọ àwọn káfíńtà: gbogbo àdúgbò ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kàn, ìyàwó tiwọn á máa gbé máṣíìnì ka orí àpótí. "Oṣù tó ń bọ̀" ni Múrítàlá máa ń wí. Ṣùkúrátù á ní, "Oṣù tó ń bọ̀ yìí mà ti dàgbà o, ẹ jẹ́ ká fẹ́yàwó fún un." Múrítàlá gbé igi náà sílẹ̀, ó gé e. Ó fi ìfági fá a títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dán, ó kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn nídìí kó lè dúró, ó sì fi kíláàmpù dè é mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ló wà tí Ameenat fi wọlé, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Ṣùkúrátù bí. Apá ọmọ náà méjèèjì ṣì rin fún omi dé ìgúnpá.

"Bàbá mi, a ti wẹ̀ wọ́n tán. Ìyá Àdínnì ní kí ẹ wá wo ojú wọn ká tó dì wọ́n."

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ bá mi lọ báyìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní mò ń bọ̀. Àbí o fẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ máa dà sí ìyá ẹ lójú?"

Ameenat wo igi, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì padà lọ. Wọ́n ní bí iná bá jóni, tó jọ́mọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Múrítàlá rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ bó ti ń lọ, kò pè é.

Ó tan ẹ̀rọ, ó ti àgékù igi kan wọlé láti fi dán gáìdì wò. Igi náà fara mọ́ gáìdì fún ìwọ̀nba díẹ̀, lẹ́yìn náà ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sósì, ó sì há. Múrítàlá mọ ohun tó fà á. Kò sí ayùn tí kò ní ibi tó máa ń fà sí. Láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ̀ ló ń tún un ṣe, ó ń dorí igi kọ apá kan díẹ̀ láì jẹ́ pé òun alára mọ̀. Gáìdì ò mọ̀ ọ́n. Ó ní láti fa ìlà sórí àgékù mìíràn, kí Sirajudeen bá a dì í mú, kó là á dé ìdajì, kó dúró, kó wá fi pẹ́ńsù sàmì sí bí igi náà ṣe dorí kọ lórí tábìlì, kó tó wá tún gáìdì dè tẹ̀ lé àmì yẹn. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Múrítàlá sì ní sùúrù lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Sirajudeen wí, "ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ wò wọ́n, kẹ́ ẹ padà wá. Igi ò ní sá lọ."

"Ó ku díẹ̀."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti le, ojú Ṣùkúrátù ti wú kọjá bó ṣe yẹ. Tí ọkọ rẹ̀ bá wọlé, á fa híjáàbù bò ó. "Ẹ má wò mí báyìí," ló máa ń wí, Múrítàlá náà á sì yíjú sí fèrèsé, á máa sọ̀rọ̀ iná tí wọ́n mú lọ. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti wo ojú ìyàwó rẹ̀ dáadáa kẹ́yìn.

Nígbà tó ti pákó gidi wọlé, kò yà rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó la èkejì, ó gbé méjèèjì sún mọ́ra, kò rí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Inú rẹ̀ dùn. Ó dùn débi pé ó rò ó lọ́kàn pé bóun bá délé, òun máa sọ fún Ṣùkúrátù pé òun náà ti di ẹni tó ń lo gáìdì. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó di etí tábìlì ẹ̀rọ mú, lẹ́yìn náà ó la àwọn tó kù.

Ìgbà tó pa ẹ̀rọ ló rí i lójú fóònù pé Ameenat ti pè, ó tún pè, ó tún pè.

Wọ́n ti dì í nígbà tó dé àgbàlá. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó látòkèdélẹ̀, wọ́n ta á ní kókó lórí, wọ́n ta á lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Lemọ́mù wo Múrítàlá, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ká ní Múrítàlá sọ ọ̀rọ̀ kan péré ni, wọn ì bá tú kókó orí yẹn.

"Pákó ti wà nílẹ̀," ni Múrítàlá wí.

Ní itẹ́ òkú, òun ló ń na pákó sí àwọn ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè. Apá ẹsẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tò ó bọ̀ níhà orí. Ẹni tó ti po amọ̀ sílẹ̀ láti fi dí àlàfo ń wá ibi tó máa dí, kò rí. "Alhamdulillah," ló wí. "Iṣẹ́ rèé."

Múrítàlá kúnlẹ̀ létí sàréè. Pákó tó ti ń fọwọ́ là fáwọn ará àdúgbò, bó ti wù kó dára tó, wọ́n máa ń fi àyè tín-ín-rín kan sílẹ̀, èèyàn á ṣì rí díẹ̀ nínú aṣọ funfun náà kí yẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, síbi tí pákó tó gbẹ̀yìn ti pàdé èyí tó ṣáájú rẹ̀, lókè ojú Ṣùkúrátù. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n mọ́.

"Bàbá Ameenat, ẹ dìde," ni Sirajudeen wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ da yẹ̀pẹ̀."

"Ẹ dúró ná. Mi ò wo ojú rẹ̀."

Ìka rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí èékánná lè wọ̀ láàárín pákó méjèèjì, àmọ́ gáìdì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.