Ọrùn Tí Wọn Kò Yá Ìyá Jósẹ́fù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan lé yín lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe ìtàn ìjàpá, kò sì ní orin tí ẹ óò máa gbè. Ìtàn ìborùn kan ni, àti ti ìyá tó hun ún, àti ti àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun kan, àfi ẹni tí ohun náà ṣẹlẹ̀ sí.

"O fo ibì kan," ni Ìyá Jósẹ́fù wí.

Títílọlá gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Mi ò fo ibì kankan, Ìyá."

"O fò ó. Lánàá, Ògúndìran dùbúlẹ̀ sí etí odò, ọfà wà ní ìhà rẹ̀, ẹṣin rẹ̀ ti kú. Lónìí o ní ó ń gun ẹṣin wọ̀lú. Ẹṣin wo? Àbí òkú ẹṣin náà ló dìde?"

"Òmíràn ni, Ìyá. Wọ́n... wọ́n yá a ní ẹṣin."

"Nínú igbó? Ta ló yá a?" Ìyá Jósẹ́fù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí òwú. "Ẹni tó kọ ìwé yìí ò sin ẹṣin rí. Ó dáa, máa kà á lọ. Kí ọmọ ọlọ́mọ ṣáà délé."

Títílọlá kà á lọ. Ohun tó ń kà kò sí nínú ìwé. Nínú ìwé, Ògúndìran kú sí etí odò, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ tí ọyẹ́ ń yọjú ni, ní ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́. Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti ń gbẹ lórí igi tí ètè ènìyàn ń là, Ìyá Jósẹ́fù a gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a mú abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú onírun àgùntàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìborùn. Àwọn ìyáàfin òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi ló kọ́ ọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hun fìlà ìkókó díẹ̀, wọ́n jáwọ́. Òun kò jáwọ́, nítorí Jósẹ́fù, ọmọ tó kù fún un láyé, ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, òtútù Jọ́ọ̀sì kì í sì í ṣe òtútù ẹnu lásán. Títílọlá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ìyá náà kò gbé ìwé mọ́, nítorí náà òun a máa hun, ọmọ a máa kàwé sí i létí. Ìtàn àròsọ nípa ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ń kà lọ́dún náà, Ìyá sì ń bá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jà bí ẹni pé ojúlé kejì ni wọ́n ń gbé.

Jósẹ́fù ti kú. Inú ló run ún, kò sì pẹ́ rárá. Mìkáílù tó ń wa lọ́rì láti Jọ́ọ̀sì ló mú ìròyìn bọ̀, ó ní ìjọ tó ń lọ níbẹ̀ ti sin ín. Mìkáílù kò lè gba ẹnu ọ̀nà ìyá náà kọjá. Ọ̀dọ̀ Mátíù káfíńtà ló lọ, ọ̀rẹ́ Jósẹ́fù láti kékeré. Mátíù sọ fún àwọn àgbà agbo ilé, àwọn àgbà sì fi ẹnu kò. Wọ́n ní ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú: Oyèdèjì, ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, nìkan ló lè túfọ̀ fún un. Títí tí yóò fi dé, kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. Wọ́n ránṣẹ́ sí Oyèdèjì. Ó ní òun ń bọ̀.

Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò dé.

Bí oòrùn bá ti rọ̀, Ìyá Jósẹ́fù a máa rìn yí àdúgbò ká kí ẹsẹ̀ má baà gan. Títílọlá a tẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, ìrìn náà dùn bí ẹni ń lọ sí ọjà. Wọn a máa ṣe yẹ̀yẹ́ ìyá náà, òun náà a máa dá a padà fún wọn. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti yọ, ohùn ènìyàn a rẹlẹ̀. Àwọn obìnrin a kúnlẹ̀ jù bó ti yẹ. Wọn a ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," wọn a sì wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òwú tán, wọ́n rìn dé Takie, ní ìsọ̀ Safurat tó ń ta òwú.

"Safurat, èló lòwú aláwọ̀ ewé yìí?"

"Ẹ mú un, Màmá."

"Mo ní èló."

"Iye tẹ́ ẹ bá ní, Màmá."

Ìyá wò ó. Safurat yìí kan náà ló ń fi Ọlọ́run búra lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dín kọ́bọ̀ lórí òwú, tí àwọn méjèèjì a sì jọ gbádùn ìjà náà.

"Ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi le, Màmá."

"Irọ́ ni. Títí, jẹ́ ká máa lọ kí ibà náà tó sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń lọ. Títílọlá bojú wẹ̀yìn, ó rí Safurat tó fi etí gèlè nu ojú. Ẹnu lè dákẹ́, ojú kì í dákẹ́. Ó wu ọmọbìnrin náà kó padà lọ fún un ní ìgbájú, ó sì wù ú kó lọ bá a sunkún.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìrẹsà. Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ló wọ̀. Ó bá Oyèdèjì nídìí iṣẹ́ awọ rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ó ń rán tìmùtìmù aláwọ̀ pupa. Bàbá náà rí i, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Títí. Ṣé ó ti gbọ́ ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kò tíì gbọ́. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Bàbá."

"Ó ṣì ń hun nǹkan náà?"

"Ó ti fẹ́ hun ún tán."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá."

"Kí wá ni o fẹ́ kí n lọ bá a níbẹ̀ ṣe?"

Títílọlá kúnlẹ̀ sórí èérún awọ. "Bàbá, mi ò lè dá a gbé mọ́. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró ni Jósẹ́fù máa fẹ́. Mo ń dá a lóhùn. Mo ní àwọ̀ ewé ni."

Bàbá náà ṣa abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, kò sì rán nǹkan kan. "Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sí Tàmálè nídàálẹ̀, èmi ni mo sọ fún un. Nígbà tí Fọláṣadé, ọmọbìnrin rẹ̀, kú sórí ìkúnlẹ̀, èmi náà ni. Lọ́jọ́ ti Fọláṣadé yẹn, kò tíì sunkún tó fi sọ fún mi pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ti mọ̀.' Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ kí i, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wọlé, kí àyà rẹ̀ má baà já. Ọmọ mi, ọ̀nà wo ni kí n gbà wọlé báyìí?"

Títílọlá wá gbé ẹrù ru àgbà, àgbà sì ti ru èyí tó ju tirẹ̀ lọ.

"Sọ fún wọn pé mo ń bọ̀," ni Oyèdèjì wí nígbẹ̀yìn. "Kí ọyẹ́ mú díẹ̀ sí i. Mo ń bọ̀."

Nígbà tí yóò fi padà délé, Ìyá ti hun ìborùn náà tán, ó ti ká a sí apá, ó ń dúró dè é láti jọ jáde. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í kí ọ̀rẹ́ kẹ́ ẹ tètè dé. Jẹ́ ká lọ wọn aṣọ."

Títílọlá ti gbàgbé wíwọ̀n náà. Ọrùn Mátíù gùn bíi ti Jósẹ́fù. Lọ́dọọdún, ọrùn rẹ̀ ni ìyá fi ń mọ̀ bóyá ìborùn ti tó, kó tó dì í fún Mìkáílù láti gbé lọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ọ̀la lọ́rì ń lọ."

Mátíù wà nídìí pákó, ó ń fi ìfági fá a. Ìyá Jósẹ́fù ti ọ̀nà jínjìn ké sí i bó ti máa ń ṣe. "Ọlọ́rùn àgùnfọn, sún mọ́ mi. Yá mi ní ọrùn."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Mo ní yá mi lọ́rùn."

"Èérún pákó wà lára mi, Màmá. Á ba òwú yín jẹ́."

"Lọ́dún tó kọjá, òógùn lo fi kùn ún fún mi. Ṣé mo bá ọ jà?"

"Ọrùn ń dùn mí."

"Ìborùn ni, kì í ṣe ìtì igi. Bẹ̀rẹ̀ jàre."

Ó na ìborùn náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mátíù fà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ara rẹ̀ ló sá. Ó ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan àwọn pákó tó fi ti ògiri, tí wọ́n sì wó lulẹ̀. Ta ni yóò fi ọrùn alààyè wọn aṣọ òkú? Ó dúró láàárín pákó tó wó, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ má bínú."

Títílọlá fẹ́ ní kí wọ́n fi sí ọrùn òun. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó dúró. Ẹ̀rù ba òun náà.

Ìyá kò bá Mátíù jà. Ó yà sọ́dọ̀ Jayéọlá télọ̀ tó wà ní ìkejì, ẹni tó jẹ́ pé ọrùn àti èjìká ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Jayéọlá fa téèpù yọ kíákíá. "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí wọ̀n ọ́n fún yín, Màmá. Ó dájú ju ọrùn lọ." Ó na téèpù lé ìborùn náà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan òwú rárá. "Ó tó, Màmá. Ó tó dáadáa."

"O ṣeun," ni Ìyá wí. Ó ká aṣọ rẹ̀.

Wọ́n padà sílé. Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó tẹ́ ìborùn náà sí itan, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ.

"Títí, jókòó. Má dá mi lóhùn. Bí o bá dá mi lóhùn, ìwọ lo sọ ọ́ nìyẹn, wọn óò sì bá ọ wí. Kí o gbọ́ ni."

Títílọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti bí i, Ìyá Jósẹ́fù ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò yìí. Ọmọdé, àgbà, ẹni tí mo bá jà. Lójijì, mo di Màmá. Kò sí ẹnìkan tó dárúkọ yẹn sí mi létí mọ́. Mo ní bóyá ọjọ́ ogbó ló fà á. Safurat kò bá mi nájà, mo ní bóyá ibà ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Títí, èmi ò sì tíì sunkún. Ó wù mí kí n má rí i ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bọ́ pọ̀ mọ́ ọmọ mi sá fún aṣọ lónìí." Ó ká ìborùn náà sí méjì. "Ògúndìran náà, mo mọ̀ pé etí odò ló kú sí. O mọ̀wé kà. Irọ́ lo ò mọ̀ ọ́n pa."

Títílọlá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní kó wá sọ ọ́," ni Ìyá wí. Kò béèrè, ó mọ̀. "Kò sì lè wá. Ó ń bẹ̀rù mi."

"Ìyá..."

"Mo ní má dá mi lóhùn. Bí Oyèdèjì bá gbọ́ pé ara ọrùn káfíńtà ni mo ti mọ̀ ọ́n nítorí pé òun fi falẹ̀, yóò gbé e wọ sàréè. Òun nìkan ló kù tí a jọ mu ọmú ìyá kan. Nítorí náà, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Títí yóò fi dé, èmi ò gbọ́, ìwọ náà ò rí mi kí n gbọ́. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, màá sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún."

"Bí kò bá wá ńkọ́, Ìyá?"

"Á jẹ́ pé a ó máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀."

Lóde, aládùúgbò kan ń kọjá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Ìyá Jósẹ́fù wí. Ohùn rẹ̀ dún ketekete. "Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa?"

Títílọlá wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹrù kan ló gbé jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Méjì ló bá a délé. Ó ní láti fi ọ̀rọ̀ àdúgbò pamọ́ fún Ìyá, ó sì ní láti fi ti Ìyá pamọ́ fún àdúgbò.

Olúyẹ́misí, ọmọ tí Títílọlá bí, ni mo ti gbọ́ èyí, ẹnu ìyá rẹ̀ lòun náà sì ti gbọ́ ọ. Mo bi í bóyá Bàbá Ọ̀yọ́ padà wá. Ó ní ó wá, nígbà tí ọyẹ́ ti mú gan-an, ó sì sọ ọ́. Ó ní Ìyá ké igbe bó ṣe ṣèlérí. Títílọlá tó mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dúró tì í, ó dì í mú, kò sì mọ ibi tí ìlérí parí sí tí ẹkún gidi ti bẹ̀rẹ̀ nínú igbe náà.