Ápù Méje Lójú Omi Porz-Ruz

“Koríko ni, koríko lásán ni!” Fañch Kerbrat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní etí èbúté, ojú rẹ̀ pọ́n bí edé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. “Gbogbo ayé ló ní koríko. Màlúù ń jẹ ẹ́. Ṣé torí koríko ni kí ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n má ríbi dúró sí?”

“Màlúù kì í wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun, Fañch,” ni Soazig dá a lóhùn. Soazig kì í pariwo. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe tíṣà nílùú wa kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Fañch ní ìṣirò nígbà tí Fañch ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. “Inú koríko abẹ́ omi yẹn ni ẹja ń yé ẹyin sí. Ibẹ̀ ni ẹja kékeré olórí ẹṣin ń so ìrù mọ́ kí omi má baà gbé e lọ. Bó o bá wá ju búlọ́ọ̀kù kọnkéré mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé e lórí, tí ṣéènì ń wọ́ yí ká lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ló máa kù níbẹ̀?”

“Ibi ìdákọ̀ró ló máa kù, Olùkọ́.”

“Iyanrìn ló máa kù. Ìyọkúrò ò yé ẹ láti kékeré.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, n kò sì tọrọ àforíjì dòní. Fañch yíjú sí mi.

“Ẹ̀yin alápù, ẹ lọ gba ipò kìíní, kẹ́ ẹ wá nàka. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ panu mọ́.”

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní Porz-Ruz ìlú wa, láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣáájú nínú eré ìje ọkọ̀ onígbòkun àárín oṣù kẹjọ ni yóò sọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí fún odidi ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ìbò, kò sí ìpàdé. O ṣáájú, o nàka sójú omi, ó parí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Fañch ti ń nàka. Lọ́dún yìí, orí pápá koríko tí à ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ló fẹ́ nàka sí, ó sì ti da kọnkéré náà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ kó tó di ọjọ́ eré. Ẹni tó ń ra posí de ẹni tí kò tíì wúkọ́.

Àwa obìnrin mẹ́fà la ni ọkọ̀ tó ń jẹ́ Aláròyé. Àwọn ọkùnrin èbúté ló fi orúkọ náà bú wa. A fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ kí wọ́n lè máa rí i kà. Èmi Tifenn, ọdún méjìlélógún ni mo fi to sàdíìnì sínú agolo ní ilé iṣẹ́ ẹja. Inú ìwé àlòkù kan tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀. Ojú ewé tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró ti já kúrò. Ẹ bi ògiri èbúté, ó mọ̀ mí dáadáa.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí àwọn ọmọ kì í lọ sílé ìwé, Soazig á kó wọn wọ Aláròyé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ápù. Ápù tó ti já sílẹ̀, tí kò wúlò fún ọtí ápù mọ́, la máa ń ṣà lábẹ́ igi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ju tirẹ̀ sójú omi, á wo ibi tí omi gbé e gbà, á sì fi lẹ́ẹ̀dì pupa ya ọfà sórí ìwé. Lẹ́yìn náà a ó tẹ̀ lé ápù, a ó fi àwọ̀n edé kó gbogbo rẹ̀ padà. Iye tó lọ ni iye tó gbọ́dọ̀ bọ̀: òfin Soazig nìyẹn, ìbáà ṣe ápù, ìbáà ṣe èèpo ẹyin. Ìwé ọfà pupa yẹn la lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ wa. Fañch yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní bíi pé adìẹ tó tẹ tòmátò ló sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Ìyá Fañch fúnra rẹ̀ ló ń ṣe adájọ́, ẹ má sì rò pé ojúsàájú wà níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Màmá Kerbrat. Àga ilé ìdáná rẹ̀ ló máa ń gbé wá sórí èbúté, fèrè lórí itan, ìwé òfin lábẹ́ bàtà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bó bá fún ọ ní búrẹ́dì, bọ́tà oníyọ̀ ló máa fi pa á. Bó bá dá ẹjọ́ rẹ, á fi iyọ̀ yẹn náà pa á.

“Kò sí àjẹ̀,” ló ń ka òfin fún wa. “Kò sí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọ ìdákọ̀ró, kó fà á padà sínú ọkọ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fi sílẹ̀, kó forí lé ilé, kò sí nínú eré mọ́. Ohun tó bá tọwọ́ yín bọ́ sínú omi, ẹ kó o. Fañch, ti ṣẹ́ẹ̀tì ẹ bọ inú ṣòkòtò.”

Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò. Bleuenn tiwa, tó ń ṣe búrẹ́dì, tí ẹ̀rín rẹ̀ ń mi ọkọ̀, rẹ́rìn-ín títí a fi ní kó jókòó kí omi má baà wọlé.

Ọkọ̀ mẹ́jọ ló gbéra. Ọba Òkun ti Fañch ló ṣáájú, ìdákọ̀ró pupa rẹ̀ ń dán níwájú. Bàbá Fañch, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ èbúté nígbà ayé rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ìdákọ̀ró náà, Fañch sì máa ń fi òróró pa á ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bí ẹni ń para fún ọmọ titun. A gbá tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ dára, omi ń fò lù wá lójú, Bleuenn ń bú àwọn tó wà lẹ́yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn, ara mi yá débi pé mo ń kọrin tí n kò mọ̀. Nígbà tá a dé òkúta ìta tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí po, tá a yí i po tá a sì kọrí sílé, àwa la ṣe ipò kejì. Ipò kejì, àwa tí a fi ìwé tí ojú ewé rẹ̀ já kọ́ṣẹ́.

Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti dákẹ́. Kò dágbére. Ìgbòkun wa rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tí òjò pa lórí okùn. Ìgbà tí omi ń fà lọ sí agbami sì ni, bí ọkọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn nìyẹn. Níwájú wa, gan-an lórí pápá koríko, mo rí ìdákọ̀ró pupa tó bọ́ sínú omi, jìbú. Ọba Òkun dúró digbí. Àwa ń lọ.

“Olùkọ́, ẹ kú ìrìn àjò o,” ni Fañch ké sí wa, ó ṣí fìlà. “Ẹ bá mi kí àwọn ará Amẹ́ríkà.”

Mo ti gbé ìdákọ̀ró tiwa dání. N kò ní purọ́ fún yín, apá mi ti gbé e kí orí mi tó rò ó.

“Tifenn, gbé e sílẹ̀,” ni Soazig wí.

“Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Koríko á tún hù.”

“Orí koríko la wà. Bó o bá jù ú, tá a sì ṣáájú, kí la fẹ́ wá nàka sí? Àti pé bó bá di Ọjọ́rú, ìwọ lo máa dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn kó o ṣàlàyé.”

Mo ro ti àwọn ọmọ yẹn. Wọn kì í dárí jini. Ọmọ ọdún méje kan ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì torí èèpo ẹyin. Mo gbé ìdákọ̀ró sílẹ̀.

“Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúkú jẹun,” ni Bleuenn wí, ó fa àpò jáde. Ápù méje ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin mẹ́fà la jẹ́. Ìkeje jẹ́ ti Bleuenn, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn.

Soazig wo ápù. Ó kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ ìjókòó, ó ń wo ọfà pupa àwọn ọmọ. Ìgbà tó yọrí padà, ojú rẹ̀ ti di ojú ọmọ tó rí ibi tí wọ́n fi súgà pamọ́ sí.

“Bleuenn, ju ọ̀kan sápá òsì.”

“Oúnjẹ mi kọ́ nìyẹn, Àǹtí?”

“Jù ú.”

Bleuenn jù ú. Ápù náà bá wa rìn lọ sí agbami. Soazig ní kó ju òmíràn síwájú sí i, lápá Òkúta Dúdú, òkúta ńlá kan tó yọrí lójú omi. Ìyẹn lọ díẹ̀, ó dúró, ó yí pooyi bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé, ló bá kọjú sí èbúté, ó ń lọ. Omi tó ń jáde ń gbá òkúta, ó ń ṣẹ́rí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan àbọ̀ lọ, àwọn ọmọ wa sì ti fi ọfà mọ́kànlélógún yà á, tí à ń rí i lójoojúmọ́ tí a ń fi ìdí jókòó lé e.

A jẹ́ kí omi gbé wa sẹ́yìn títí a fi kan ẹnu ọ̀nà náà. Soazig ti ìtọ́kọ̀. Òkúta súnmọ́ débi pé mò ń gbọ́ òórùn ìṣáwùrú ara rẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó ronú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ápù lọ sílé, láìsí afẹ́fẹ́, láìsí àjẹ̀, bí àgbà obìnrin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá wò wá. Bleuenn ń ju ápù síwájú kí á mọ ibi tí ọ̀nà yà sí, èmi ń fi àwọ̀n edé gbọ́n ọn padà bí a bá ti bá a, Bleuenn á tún gbà á jù. A pa dà lọ mú ti àkọ́kọ́ tó ti ń lọ sí agbami? Rárá o, òun fúnra rẹ̀ ló yí wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ̀rín pa wá débi pé ẹni tó di okùn mú ń sunkún.

A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fañch. Ìdákọ̀ró ṣì di ọkọ̀ rẹ̀ mú, ó jókòó, ó ń jẹ bisikíìtì gàlẹ́ẹ̀tì. Ó gbàgbé láti gbé e mì.

“Ṣé ká bá ẹ kí àwọn ará ilé?” ni mo bi í.

Ó fò dìde. Òun àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn ìdákọ̀ró. Wọ́n fà, wọ́n já sílẹ̀ lórí ìdí, wọ́n tún fà. Koríko tí wọ́n ní kò já mọ́ nǹkan ti dì í mú. Mo yí ojú kúrò torí ọ̀nà wa, nígbà tí mo máa tún wẹ̀yìn, Ọba Òkun ti já gbà, afẹ́fẹ́ sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún ìgbòkun rẹ̀ tó tóbi tó ìlọ́po méjì tiwa. Ó ń bọ̀. A na gbogbo aṣọ tá a ní. Bleuenn bọ́ síkáàfù rẹ̀ nà sókè. Kò sí ohun tí a kò ṣe. Gígùn ọkọ̀ kan péré ló fi ṣáájú wa dé etí èbúté. Fèrè dún fún Fañch.

A so ọkọ̀ wa mọ́ èbúté. Soazig wo ojú omi lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Bó bá nàka nígbà yẹn, tó lọ sílé, ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n Fañch kì í jẹun yó kó má lá àwo.

“Màmá, mo ní ẹjọ́.”

“O ti ṣáájú. Ẹjọ́ kí ni?”

“Àwọn obìnrin yìí ń da ìdọ̀tí sínú òkun. Ápù! Wọ́n ń jù ú bí ẹni ń fún adìẹ lóńjẹ. Òfin ní ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ wọ inú omi kó dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìmọ́tótó òkun.”

“Ohunkóhun?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Ohunkóhun, Màmá. Ìbáà ṣe hóró iyọ̀.”

“Hóró iyọ̀, nínú òkun,” ni Soazig sọ jẹ́jẹ́.

Màmá Kerbrat fa ìwé òfin yọ lábẹ́ bàtà, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹni tó bá fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú òkun, kò sí nínú eré. Ó ní kí Fañch fọwọ́ sí i. Fañch fọwọ́ sí i, ó fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

“Ápù mélòó lẹ gbé jáde?”

“Méje, Màmá,” ni mo wí, mo sì da àpò sórí itan rẹ̀. Ó kà á. Ó mú ìkeje sókè, ó wo ibi tí wọ́n ti gé e jẹ.

“Eyín ta nìyí?”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Bleuenn wí. “Ìbànújẹ́ ni.”

“Ó pé méje.”

Màmá Kerbrat wá dìde lórí àga. Láti àárọ̀, kò tíì dìde. Ó rọra rìn dé etí èbúté, ibi tí wọ́n so Ọba Òkun mọ́, ó di ògiri mú, ó sì tẹ̀ síwájú wo imú ọkọ̀ náà. Okùn kan rọ̀ níbẹ̀, ó ń kán omi, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹnu ohun tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

“Fañch,” ló wí, “ìdákọ̀ró bàbá ẹ dà?”