Ọgbà tí Mo Mọ Síwájú Ìyá Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé nǹkan kù. Àwọn ayàwòrán á ya ìlú tó kún fọ́fọ́ sínú géèmù, èmi ni màá wá gé e títí ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú á fi lè gbé e. Agbára ẹ̀rọ yẹn ò tó nǹkan. Tí wọ́n bá di ẹrù lé e jù, á gbóná, àwòrán á sì máa kọsẹ̀. Àánú kì í ṣe mí. Mo ti gé igbó, mo ti gé ajá, mo ti sọ ọgọ́rùn-ún èrò di mẹ́wàá.

Àmọ́ wọ́n ní bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nínú géèmù tuntun yìí, èmi fúnra mi ni mo ya ìyá mi sí òpin àdúgbò kan, bó ṣe máa ń jókòó síta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Gbàrà téèyàn bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀.

Ọ̀gá mi ní, "Yọ obìnrin yẹn. Aṣọ rẹ̀ nìkan wúwo ju odindi àdúgbò lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Mo gé òrùlé, mo gé ẹyẹ, mo gé òjìji gbogbo èèyàn. Pàbó ló já sí. Ọgbọ́n kan ló kù: kí n sọ ọ́ di àwòrán pẹlẹbẹ bíi fọ́tò. Lókèèrè, èèyàn ni. Téèyàn bá sún mọ́ ọn, páálí lásán ni. Mo bá mọ ọgbà síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ò kọsẹ̀ mọ́. Ọ̀gá yìn mí, mo lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní Sátidé, mo gbé ẹ̀rọ géèmù náà lọ fún bàbá mi, ẹni tó ń pe géèmù ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bó ṣe ń darí ẹni inú géèmù náà, ó kọ lu ògiri bíi mẹ́ta.

"Ta ló kọ́ àdúgbò yìí? Kò síbi ìbòòji kankan!"

"Ẹ ṣáà máa lọ, Bàámi."

Ó wá rí i. Ó rìn dé ìdí ọgbà, ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá ẹ nìyẹn. Ṣí i fún mi."

"Kò ṣeé ṣí, Bàámi. Ẹ̀rọ ò lè gbé e."

"Ṣé ó ń rí mi?"

Mo purọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wá dé tí kò dìde?"

Mo jókòó tì í, a jọ ń wò ó.