Ohùn Tí Ọjà Ńlá Lé Jáde

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-kì-í-rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi bú u. Bó bá ń wọn èjìká rẹ, á ti béèrè àlàáfíà ìyá rẹ. Kó tó wọn ìbàdí dé, á ti gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Nígbà tó bá fi máa kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹ̀yin méjèèjì ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo, òun náà ń pariwo, àwọn tó ń gbé òkè sì ti mọ̀ pé bí ìsàlẹ̀ bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, oúnjẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há, ó ní òtútù ni. Ó lá oyin, ó fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun, ohùn kò là. Dókítà yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní jẹjẹrẹ ti wọ inú gògóńgò, àfi kí wọ́n yọ ọ́.

"Ṣé màá ṣì lè sọ̀rọ̀?" ni Ẹnu-kì-í-rẹ̀ bi í.

"Ẹ máa wà láàyè," ni dókítà fi dá a lóhùn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ fún. Ẹnu-kì-í-rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fúnra wọn. Iṣẹ́ àbúrò yìí ni kó máa ṣe áàpù, àwọn nǹkan tí èèyàn ń tẹ̀ lójú fóònù láti fi jíṣẹ́. Kò sunkún lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ńṣe ló gbé makirofóònù wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ dí gbogbo ojú fèrèsé kí ariwo títì má baà wọlé.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀," ló wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá máa ń sọ lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́ síbí. Màá kó o sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ohùn yín gan-an ló máa jáde, kì í ṣe ti ẹlòmíì."

"Gbogbo ohun tí mò ń sọ lójoojúmọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín tòun ti ohùn tó ti há. "Fóònù wo ló fẹ́ gba ìyẹn?"

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ihò kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi ń mí, síkáàfù ló máa ń fi bò ó. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kú. Bí oníbàárà bá wọlé, á tẹ fóònù, ohùn tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ á kí wọn káàbọ̀. Àwọn kan bú sẹ́kún lórí ìdúró. Òun á wá tẹ ẹ̀rín, ẹ̀rín ara rẹ̀ á sì hó jáde nínú fóònù títí àwọn náà á fi máa rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ rò ó pé kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun nìkan ló máa rí irú ìyẹn lò. Ó gbé áàpù náà lọ sí ọjà ńlá. Ọjà ńlá ni ibi tí gbogbo ayé ti ń gba áàpù. Látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe fóònù ló ti wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ pé ibòmíì wà. Wọ́n gbà á. Àwọn tí àìsàn ń gba ohùn lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ kó tó lọ tán. Tísà kan wà nínú wọn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí. Ìlérí kan ni àbúrò yìí ṣe fún gbogbo wọn: ohun tí èèyàn bá sọ sínú áàpù náà, orí fóònù onítọ̀hún nìkan ló máa wà. Òun tó ṣe é pàápàá kò ní gbọ́ ọ, kò sì ní tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ó máa ń fi ìlérí yẹn yangàn.

Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe dé láti ọjà ńlá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé áàpù rẹ̀ ti rú òfin, àwọn sì ti yọ ọ́ kúrò. Òfin wo? Wọn ò sọ. Ó kọ̀wé sí wọn. Èsì dé kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà: àwọn ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ìpinnu àwọn kò yí padà. Ó tún kọ, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn. Èsì kan náà ló tún dé, wọn ò fi àmì kan kún un. Ó wá nọ́ńbà tó lè pè, kò rí.

"Àǹtí mi," ló wí, "mi ò tiẹ̀ rí ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bá jà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ fóònù. "Fi wọ́n sílẹ̀, jàre! Orí wọn ò pé!" ni ohùn náà wí.

Àwọn ọjà mìíràn wà lóòótọ́, wọ́n kàn kéré ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló kóra jọ dá ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, wọ́n sì máa ń tú inú áàpù kọ̀ọ̀kan wò ní gbangba kí wọ́n tó gbà á. Ibẹ̀ ni àbúrò yìí gbé tirẹ̀ lọ. Ọjà náà dára, ọ̀nà ibẹ̀ ni kò dára. Bí èèyàn bá ti forí lé e, fóònù á bi í bóyá ó dá a lójú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, fóònù á yọ àmì pupa sí i: a ò mọ ẹni tó ṣe nǹkan yìí, ó lè jí yín lówó, ó lè ba fóònù yín jẹ́. Tísà yẹn pàrọ̀ fóònù rẹ̀, ó fẹ́ gba áàpù náà sórí tuntun, ó dé ìdí àmì pupa, ó sì padà sẹ́yìn. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n má bínú, àwọn ọmọ tí òun bí ló ní kí òun má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù náà sá.

"Wọ́n ti sọ mí di ẹni tó ń ta májèlé," ni àbúrò yìí ń wí káàkiri.

Àkọ́bí Ẹnu-kì-í-rẹ̀, ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Òun ni wọ́n fi sídìí ààbò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ohunkóhun tí kò bá ti ọjà ńlá wá. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó ti rí arúgbó tí áàpù ayédèrú gbọ́n owó rẹ̀ lọ, tó wá jókòó sílẹ̀ nínú báńkì tó ń ké bí ọmọ jòjòló. Irú nǹkan yẹn kì í kúrò lọ́kàn èèyàn bọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó wá kí ìyá rẹ̀. Ìyá wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Bí ọmọ yìí ṣe wò ó báyìí, fóònù fúnra rẹ̀ ló tàn tó gbé ọ̀rọ̀ jáde: áàpù kan wà níbí tí kò wá láti ọjà wa, ó lè ṣe yín ní jàǹbá, ṣé ká pa á rẹ́? Wọ́n kọ "Pa á rẹ́" gàdàgbà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tó ń tàn. Wọ́n kọ "Fi sílẹ̀" tín-ínrín sábẹ́ rẹ̀, bí ohun tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí. Ọmọ báńkì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ ti òkè, ó lọ sí ọjà ńlá, ó gba òmíràn dípò rẹ̀.

Ìyá wọlé tòun ti ọwọ́ tútù.

"Mọ́mì, mo ti bá yín tún fóònù yín ṣe," lọmọ wí, inú rẹ̀ dùn. "Ewu ńlá ló wà níbẹ̀. Èyí ló dáa. Ẹ kàn kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, á bá yín sọ ọ́."

Ìyá rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó nu ọwọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kí lo ṣe, ọkọ mi?" Orúkọ tó ti ń pe ọmọ náà látìgbà tó ti bí i nìyẹn. Ohùn obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí jáde, ó gbẹ bí igi, ó sọ ọkọ di ọkọ̀, bí ẹni ń pe ohun tí wọ́n ń wọ̀ rìnrìn àjò.

"Ó ti sọ mí di mọ́tò!" lọmọ wí. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ìyá gba fóònù, ó ń yí ojú rẹ̀ síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tó máa ń tẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó la ẹnu láti kígbe. Atẹ́gùn lásán ló gba ihò ọrùn rẹ̀ jáde, síkáàfù rẹ̀ sì gbọ̀n.

Wọ́n pe àbúrò rẹ̀, ó sì sáré dé. Ó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó tì í títí, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ohun tó wà nínú áàpù náà ti bá a lọ."

"Ẹ ò ní ẹ̀dà ni, Ańkù?"

"Èyí tá a jọ gbà níjọ́ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi. Èyí tí ìyá rẹ dá gbà, mi ò ní in. Mo ṣèlérí pé mi ò ní í ní in."

"Irú ìlérí wo nìyẹn? Ta ló ń ṣe áàpù tí kì í tọ́jú ẹ̀dà?"

"Ta ló ń pa ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ rẹ́?"

"Áàpù tí wọ́n lé lọ́jà! Tí kò bá lábùkù, kí ló dé tí wọ́n fi lé e?"

"Bá mi bi wọ́n!" Àbúrò ti dìde dúró. "Bóyá ìwọ ará báńkì ni wọ́n máa dá lóhùn!"

Ìyá wà láàárín wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó mọ ohun tó ti sọ nù. Kí iṣẹ́ abẹ tó dé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó dá jókòó, ó gba ohun tójú ń ti í láti sọ níwájú àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba èébú lóríṣiríṣi, èyí tó dùn àtèyí tó korò. Ó gba òṣé sílẹ̀. Ó gba ẹ̀rín, ó tún gba ẹ̀rín ẹ̀tàn fún àwàdà tí kò bá dùn. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ìkẹ́ wọn. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú jà díẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ pariwo "Ó tó!" síbẹ̀, fún ìgbà táwọn èèyàn bá ń bára wọn jà lójú rẹ̀.

Ó gbá rúlà ìwọnṣọ mọ́ tábìlì, wọ́n sì dákẹ́. Ó nàka sí ilẹ̀kùn, ìyẹn ni pé kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ dá ohun tó kù padà sórí fóònù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ojú makirofóònù ti ń ti Ẹnu-kì-í-rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú oníbàárà. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ẹ má bínú, ó ku bọ́tìnì. Ẹ ṣeun, ẹ padà wá. Kò sí "ìwọ" kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n wá ohùn rẹ̀ kiri inú fóònù àwọn ẹbí. Àdúrà ọjọ́ ìbí kan ni wọ́n rí, orin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. "Ẹnu-kì-í-rẹ̀ ti di èèyàn jẹ́jẹ́!" ni wọ́n ń wí. "Àìsàn ti kọ́ ọ ní sùúrù." Ó ń tẹ "Ẹ ṣeun". Kí ló tún fẹ́ tẹ̀?

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ áàpù náà kúrò ní ọjà kejì. Ó lọ gbaṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mèremère téèyàn ń fọ́ láti fi pa àkókò. Ọjà ńlá gbé e sí iwájú pátápátá. Kò sí fóònù tó ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ọmọ báńkì tó padà wá. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni fóònù ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ jókòó."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Mọ́mì, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀yin pè mí."

Ìyá wò ó. Ọmọ ní òun ti béèrè níbi iṣẹ́ ìdí tí fóònù fi sàmì sí áàpù náà. Àwọn ará ibẹ̀ ní gbogbo ohun tí kò bá ti ọjà ńlá wá ni fóònù ń sàmì sí, kò sẹ́ni tó tú u wò. "Wọn ò tú u wò rárá, Mọ́mì," ló ń wí, bí ẹni tó gbé ìròyìn tuntun dé. "Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Èébú náà wà lọ́kàn ìyá. Èyí tó ń fi orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe tóbi nígbà tí wọ́n bí i. Bó bá gbọ́ ọ báyìí, yóò bú sẹ́rìn-ín, ọ̀ràn náà yóò sì tán síbẹ̀. Ó lè kọ ọ́ kí obìnrin olóhùn gbígbẹ yẹn bá òun kà á. Ṣùgbọ́n kò ní yá àjèjì ní ẹnu láti bá ọmọ òun jà. Kò sì ní kọ ọ́ sórí ìwé, nítorí èébú tí kò ní ohùn, èébú lásán ni.

Ó padà sídìí aṣọ tó ń rán. Ọmọ jókòó títí, ó dìde, ó ní òun ń lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń retí. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí fóònù.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ kí àwọn ará ilé."

Ohùn náà dùn, ó yá mọ́ni, bó ṣe máa ń rí sí oníbàárà tí kò mọ̀ rí.