Bàálù tí Ọláníyì Tún Ṣe

Kò sí ẹni tó rán Ọláníyì níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn ná, torí títí di òní ó ṣì máa ń ṣàlàyé pé ire lòun fẹ́ ṣe. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, bó bá sì di ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wo bọ́ọ̀lù, òun á tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, á máa to bàálù ike. Ẹ mọ irú rẹ̀: wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń wà nínú páálí, èèyàn á gé wọn, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á kùn wọ́n lọ́dà, títí wọn á fi jọ bàálù gidi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi ká ṣe é, òun náà sì mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde ló dé sí Ìlá. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti wálé, oorun alẹ́ kan ló sì sùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò bá ìyá rẹ̀ nílé. Màmá Bernice, orúkọ ìyá fúnra rẹ̀ nìyẹn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti lọ wo àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀rà, ó di ọjọ́ Sátidé kó tó dé. Morónkẹ́, àbúrò Ọláníyì obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn, ló gbé oúnjẹ fún un. Ibi tó ti ń jẹun ló ti gbójú sókè, tó rí jẹ́ẹ̀tì ológun oníke kan báyìí lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Dọ̀tun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tò ó. Ìlú Òyìnbó ni àbúrò bàbá wọn kan ti rà á wá ní ọdún 1987. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Dọ̀tun nígbà yẹn, Ọláníyì jẹ́ méje. Ọjọ́ méjì ni Dọ̀tun fi jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun ju páálí lọ. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ibà gbé Dọ̀tun lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wọn gbé bàálù náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì wà láti ìgbà náà.

Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni Ọláníyì fi wò ó, kò fi ojú àbúrò wò ó rárá. Ike náà ti pọ́n rúsúrúsú. Àlàfo wà láàárín apá àti ara rẹ̀ tí èèrà lè gbà kọjá. Gọ́ọ̀mù ti kun ìdérí gíláàsì tó wà lórí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ẹsẹ̀ táyà kan ti sọnù. Èyí tó wá burú jù wà lábẹ́ apá òsì. Gọ́ọ̀mù ike máa ń mú kí ike rọ̀ kó tó gbẹ, Dọ̀tun sì ti fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Àtàǹpàkò náà rì wọlé, gbogbo ilà ara rẹ̀ hàn kedere. Lójú àwọn tó ń to bàálù, àṣìṣe akọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí Wásáàpù. Ó fi ìlà pupa yí àtàǹpàkò náà ká, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọdé kan ló ṣe iṣẹ́ yìí, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e fún ọlọ́pàá, kí wọ́n fi ìka yẹn wá ọ̀daràn náà rí. Ọláníyì bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín sókè, lábẹ́ òrùlé tí Dọ̀tun kú sí. Kò sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni ọmọdé náà.

Ẹ̀rín yẹn ni Morónkẹ́ gbọ́ tó fi jáde wá. Ó rí bàálù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí bọ̀dá òun jọ̀ọ́ jẹ́ kí Mọ́mì dé ná, pé Mọ́mì fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan, Ọláníyì kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní kí ni Mọ́mì mọ̀ nípa bàálù, ìyàlẹ́nu lòun fẹ́ fi ṣe fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ni, Morónkẹ́ sì panu mọ́.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ó yọ irinṣẹ́ nínú báàgì, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ Ẹtì. Ó fi irú àmọ̀ tí àwọn tó ń ṣe ara mọ́tò máa ń lò dí gbogbo àlàfo, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi jọ̀lọ̀. Ó fi ọṣẹ ìfọyín dán gíláàsì awakọ̀ títí èèyàn fi lè rí inú rẹ̀. Ó gé bébà dídán tó wà lẹ́nu agolo mílíìkì, ó fi ṣe bẹ́líìtì sára àga inú rẹ̀. Ó fi orí abẹ́rẹ́ ṣe ṣóńṣó imú. Nígbà tó kan àtàǹpàkò, ó ha á, ó dí ojú rẹ̀, ó tún ha á, títí abẹ́ apá náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Orin ló ń kọ lẹ́nu bó ṣe ń ha á. Lẹ́yìn náà ló kùn ún lọ́dà eérú àti ewéko. Ó lẹ́wà, ẹni tó bá ní kò lẹ́wà ń ṣe ìlara ni.

Ọ̀sán Sátidé ni ìyá wọn dé. Ọláníyì mọ̀ pé ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, torí òun ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́, àmọ́ kò mọ̀ pé ó ti tó báyìí. Ìyá ń fọwọ́ tọ ògiri wọlé, ohùn ló fi mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. Ó kí i, ó kì í, ó súre fún un. Ọláníyì kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gbé bàálù náà lé e lọ́wọ́.

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yí bàálù náà dojú dé, àtàǹpàkò rẹ̀ sì lọ sábẹ́ apá òsì tààrà. Ó wá ibẹ̀. Ó tún un wá. Ó wo apá ọ̀tún bóyá òun ló ṣì í, ó padà sí òsì. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó bi í pé ìka Dọ̀tun dà. Ó ní fọ́tò Dọ̀tun wà lára ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí òun ti rí i kẹ́yìn, pé ìka yẹn ni kò gba ojú. Láràárọ̀, bí òun bá ti gbàdúrà tán, òun á gbé bàálù náà, òun á fi ìka òun sí ibi tí ọmọ òun fi tirẹ̀ sí, òun á sì kí i.

Ìtìjú bo Ọláníyì látòkè délẹ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ọ̀dà ló bò ó, pé tí wọ́n bá ti ìsìn dé lọ́la òun á ha ọ̀dà náà kúrò. Ìyá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Morónkẹ́ dúró sí. Òun ló gbá ìyẹ̀fun ike kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ ohun tí sáńpépà ti ṣe. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọláníyì sì gbójú kúrò lójú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìjọ ń yọ̀ pé òkúta ti yí kúrò lẹ́nu ibojì, Ọláníyì kò lè gbórí sókè. Bí wọ́n ṣe délé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó ha ọ̀dà àti àmọ̀ tó fi dí ibẹ̀ kúrò, ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó dúró kó rọ̀, ó wá fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilà rẹ̀ yọ dáadáa. Ojú ara rẹ̀ tì í débi pé ó wẹ̀yìn wò, bẹ́ẹ̀ ló tún fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ pa á kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ.

Ìyá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé bàálù náà lé itan, ó fi ìka wá ibẹ̀, ó rí i. Ìka rẹ̀ yí etí ibẹ̀ ká.

Ìgbómìnà ni Màmá Bernice máa ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ. Yorùbá ilé ìwé kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ sí wọn àfi bí nǹkan bá dùn ún wọra. Yorùbá ilé ìwé ló sọ báyìí.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ọláníyì na ọwọ́ sí i. Ìyá tọ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé àtàǹpàkò, ó mú un, ó sì fi í sínú ojú ibi tó tẹ̀ náà. Ó bá a mu gẹ́lẹ́.

"Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mò ń wá," ni ìyá wí. "Tìrẹ nìyí."

Ọláníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti ha ti Dọ̀tun dànù kí wọ́n tó dé láti Ọ̀rà, pé kò sí mọ́, pé kí wọ́n dárí ji òun. Ìyá yọ ìka kúrò lára bàálù náà.

"Ìwọ wà láàyè, Ọláníyì. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, n ó ní kí Morónkẹ́ bá mi pè ọ́ lórí fóònù. Kí ni mo fẹ́ fi ìka rẹ ṣe?"

Ọláníyì béèrè bóyá kí òun gbé bàálù náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Máa gbé e lọ sí Èkó," ni ìyá wí. "Bí ó bá wà níbí, ọwọ́ mi á ṣì máa lọ síbẹ̀."

Ọláníyì dìde nílẹ̀, ó gbé bàálù náà kúrò lórí itan ìyá rẹ̀.