Ẹ̀dà Kejì

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí orin Mọ́líúdì Memunat jáde, Memunat ò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí Sùlè tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá bọ́ síta láti dáhùn fóònù, Memunat á lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé. Bí Ìsíátù, elégbè rẹ̀, bá ń rẹ́rìn-ín sí fóònù tiẹ̀, á bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì ní Òṣòdì ti ní orin rẹ̀ lọ́wọ́ kí òun tó gbé e jáde. Obìnrin tó ń dirun fún un ní Ailegun ló kọ ọ́ sí i létí, tó tún ń bi í bóyá ó ti gbọ́ ọ.

Alhaji Múrítàlá, tó máa ń bá a gbé orin sọ́jà, là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí tọdún yìí bá tún bọ́ síta kọ́jọ́ tó pé, kó lọ wá ẹlòmíì. Èèyàn mẹ́ta péré ló sì máa ń ní orin lọ́wọ́ kó tó jáde: Sùlè, Ìsíátù, àti Alhaji fúnra rẹ̀. Ó dá Memunat lójú pé ọ̀kan nínú wọn ló ń da òun, ó sì fẹ́ mọ ẹni náà lọ́nàkọnà.

Sherifdeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Àjàó Estate, ló gbé ọgbọ́n kan wá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi àmì sínú orin yẹn. Wọ́tàmáàkì ni wọ́n ń pè é. Etí ò lè gbọ́ ọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà mi máa rí i. Ẹ̀dà tí ẹ bá fún Bọ̀dá Sùlè, àmì ẹ̀ máa yàtọ̀ sí ti Àǹtí Ìsíátù. Tó bá ti bọ́ síta báyìí, a máa mọ èyí tó bọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa fi àmì sí ìwọ lára?"

Sherifdeen rẹ́rìn-ín. Memunat ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Kò gbà á gbọ́ títí ó fi dán an wò lójú rẹ̀. Ó ní kí Sherifdeen fi orin náà ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn lórí Wásáàpù lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì ò kúrò. Ó ní kó fún orin náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, títí ohùn fi gbẹ bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Àmì ò kúrò. Ó wá gbé sípíkà síta fúnra rẹ̀, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta ti ń pariwo, ó fi fóònù gba orin náà sílẹ̀ láti òkèèrè. Kọ̀ǹpútà rò ó díẹ̀, ó sì gbé nọ́ńbà àmì náà jáde. Ìgbà tí Sherifdeen mú kí orin náà sáré bíi tàwọn dí-jéè nìkan ni kò rí nǹkan kan.

"Tí kò bá rí i, á ní òun ò rí i," Sherifdeen ṣàlàyé. "Àmọ́ kò ní parọ́ mọ́ ẹnì kankan."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Memunat lára. Wọ́n fi nọ́ńbà kìíní fún Sùlè, wọ́n fi ìkejì fún Ìsíátù, wọ́n fi ìkẹta fún Alhaji, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́nikẹ́ni má bàa fura. Sherifdeen bi í bóyá ẹlòmíì ṣì máa gbà á. Ó ní kò sí. Ó fi orin ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe kí orin tó jáde: ó gbààwẹ̀ ọjọ́ kan, ó ṣe sàráà, ó gba àdúà lọ́wọ́ Àfáà Khàlíl, olórí àsàlátù wọn. Ó wá jókòó, ó ń ṣọ́ wọn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Alhaji fi pè é. Orin ti dé Òṣòdì. Ó ti ra káàdì kan níbẹ̀, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ìbínú. Sherifdeen ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kejì ló jáde.

Ká sòótọ́, Sùlè ni Memunat ti ń retí. Ìsíátù kẹ̀? Òun àti Ìsíátù ni wọ́n jọ wá láti Ìsẹ́yìn lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, yàrá kan ni wọ́n jọ háyà. Ìgbà tí àìsàn dá Memunat gúnlẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ, Ìsíátù ló fún Nafeesah, ọmọ Memunat, lọ́mú pẹ̀lú Ashraf, ọmọ tiẹ̀. Àmọ́ tí ìfura bá ti wọlé, kì í wá ìjókòó tì. Híjáàbù tuntun tí Ìsíátù wọ̀ lóṣù tó kọjá, níbo ló ti rí i? Kí ló dé tó fi bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo ni orin máa jáde? Kó tó di ọjọ́ kejì, Memunat ti to gbogbo ẹ̀rín obìnrin yẹn jọ bí ẹ̀sùn.

Iwájú Alhaji àti gbogbo ẹgbẹ́ ló ti bi Ìsíátù léèrè.

"Ìyá Ashraf, ta lo fún ní orin mi?"

"Mi ò fún ẹnì kankan."

"Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí. Ẹ̀dà tìẹ ló wà ní Òṣòdì."

Ìsíátù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Nafeesah, mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó dáadáa."

Memunat kà á sí ìhàlẹ̀. Ó ní kó máa lọ, kó má sì padà wá. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Sherifdeen yọ ohùn Ìsíátù kúrò nínú orin, wọ́n sì fi ti Morọ́lá, elégbè kékeré, sí i.

Láti ìgbà tí Memunat ti ń gba orin sílẹ̀ ni kò ti lọ sí àsàlátù. Nígbà tó máa débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àfáà Khàlíl pè é síwájú.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa yìí," Àfáà wí. "Orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi fún àdúà, mo ti pín in sórí Wásáàpù àsàlátù wa, kí lááda ẹ̀ lè pọ̀ fún wọn."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin náà, àti lílé àti ègbè. Memunat yọ fóònù rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù. Ó rántí dáadáa. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó gba ẹ̀dà tí yóò ní nọ́ńbà lọ́wọ́ Sherifdeen fún Àfáà, torí ta ló máa ka ènìyàn Ọlọ́run mọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ bí olè? Àdúà kọ́ ni yóò tú orin síta, lójú tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun àti Ìsíátù ló wà lókè lórí Wásáàpù lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ló ti mú ẹ̀dà Ìsíátù, tó fi ránṣẹ́ sí Àfáà.

Ó gba ilé Ìsíátù ní Àgọ́ Palace lọ tààrà. Ìsíátù ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"O mọ̀ pé Àfáà ló pín in?"

"Mo wà ní àsàlátù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Mo rò pé ẹ máa rántí pé ẹ̀yin lẹ fún wọn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ṣé kí n dárúkọ Àfáà fún Alhaji níwájú àwọn ọmọdé ni? Mo ní kí ẹ rò ó. Ẹ ní kí n máa lọ."

"Ẹ̀rọ yẹn ló ṣì mí lọ́nà, Ìyá Ashraf."

"Nọ́ńbà kejì ni ẹ̀rọ sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ pé olè."

Memunat ní òun á pe Sherifdeen lónìí, wọn á dá ohùn rẹ̀ padà sínú orin. Ìsíátù ní kí wọ́n fi ti Morọ́lá sílẹ̀, pé ohùn ọmọ náà dáa. Kò pariwo, kò sunkún. Ó dìde lọ sí kíṣìnì. Memunat, tó máa ń ṣí ìkòkò obìnrin yìí fúnra rẹ̀ tébi bá ń pa á, dìde láti tẹ̀ lé e.

"Ẹ jókòó, mà," Ìsíátù wí.

Ó gbé omi wá lórí àwo pẹrẹsẹ, ó fi ọmọrí bo ife náà, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un bí wọ́n ṣe ń gbé omi fún àlejò.