Ibi Tí Táyé Oníyọ̀ Dé

Dáìsì náà yí gbirigbiri lórí tábìlì, ó forí sọ ife tíì Zachariah, ó dúró. Oókan. Gbogbo ojú ló rí i. Nínú ogún ojú tó wà lára dáìsì yẹn, òun nìkan ni kò sẹ́ni tó fẹ́ rí.

Akínladé kọ́kọ́ wo ojú Zachariah kó tó sọ̀rọ̀. Ìwò yẹn ni yóò padà wá máa jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ejò odò náà wé mọ́ ọn," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ka Bíbélì nílé ìjọsìn. "Igbá iyọ̀ já bọ́ sétí omi. Odò bò ó mọ́lẹ̀. Táyé kú."



Kẹ́hìndé wo bọ́tìnnì pupa tó wà láàrin tábìlì, èyí tó fi ń ṣe àmì Táyé rẹ̀ nínú eré náà. Kò mú un. Ó fa téèpù tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a jẹ́jẹ́, ó fi í sínú báàgì. "Ẹ ṣeun, Bàbá Peculiar," ó wí fún Akínladé. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ sójú títì.

"Kẹ́hìndé, dúró ná," ni Purity tí wọ́n jọ ń ṣeré ń wí. Kò wẹ̀yìn.

Zachariah, tó ń tún fóònù ṣe, tó jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré láràárọ̀ Sátidé, fọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀gá, kí lẹ wí yẹn?"

"Dáìsì ló sọ ọ́."

"Dáìsì ò lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Eré ẹnu ni eré wọn. Akínladé kọ́ ọ nígbà tó wà ní Pólì Èrúwà, ó sì gbé e wálé sí Ìgbò-Ọrà nígbà tó di tíṣà. Oníkálukú á ro ẹnì kan sínú ọkàn rẹ̀, á máa fi ẹnu onítọ̀hún sọ̀rọ̀, á máa bá a rìn nínú ìlú tí kò sí níbì kankan. Akínladé ni atọ́kùn wọn. Òun ló ń sọ ohun tó wà lójú ọ̀nà, òun ló ń gbẹnu iwin sọ̀rọ̀, òun ló sì ń sọ ohun tí dáìsì bá dá lẹ́jọ́. Ọdẹ ni ti Zachariah. Olóògùn ni ti Purity. Kẹ́hìndé ní tòun, oníyọ̀ ni, Táyé ni wọ́n ń pè é, ìlú dé ìlú ló ń ru iyọ̀ kiri. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́: ta ní ń fi iyọ̀ bá iwin jà? Ní ti orúkọ, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìgbò-Ọrà, Táyé méjì lè wà lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń gbé wọn náà sì tún máa jẹ́ Táyé.

Kò sì sẹ́ni tó kú nínú eré yẹn rí. Bí dáìsì bá ti fẹ́ pa ẹnì kan, Akínladé á wá nǹkan ṣe sí i: apẹja kan á ṣàdéédé kọjá, ẹ̀ka igi kan á yọ lójú omi. Sátidé tó kọjá ni Zachariah wá rẹ́rìn-ín pé, "Ọ̀gá, ẹ̀rù ikú ń bà yín. Eré téèyàn kì í kú níbẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni." Akínladé bá wọn rín in. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ka igi wà nínú odò yẹn. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú Zachariah ló wò tó fi gbé e mì.

Ó mú bọ́tìnnì pupa náà, ó fi í sápò, ó forí lé ilé Kẹ́hìndé ní Ìsàlẹ̀-Ọba.

Bó ṣe ń lọ ló ń ro ohun tí yóò sọ. Yóò ní òun kò ka dáìsì náà dáadáa. Tàbí kí Purity fi oògùn kan jí oníyọ̀ náà dìde. Gbogbo rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń fi ewé kó ẹyin tó ti fọ́ sílẹ̀. Ọmọ Ìgbò-Ọrà ni, kò ní àwáwí. Ọmọdé tí kò tíì mọ ìró ró nínú ìlú yẹn mọ̀ pé a kì í sọ nípa ìbejì ohun tá à ń sọ nípa ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá ṣíwájú, ilé kan á ní ó lọ sóko, ilé kejì á ní Èkó ló wà, torí èkejì ń gbọ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan péré ló mú Táyé, ìkejì Kẹ́hìndé, lọ lọ́dún tí àwọn méjèèjì ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Akínladé wà lára àwọn tó lọ kí ìyá wọn. Òun náà bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀ pé ọmọ náà lọ ra...

Ó dúró sójú ọ̀nà.

Iyọ̀. Ohun tí wọ́n ní Táyé lọ rà nìyẹn. Òun gan-an fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Á tètè dé o." Ẹnu kan náà ni.

Ìyá Ìbejì ń bó ẹ̀gúsí lọ́dẹ̀dẹ̀. Kẹ́hìndé wà nídìí maṣíìnì lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó kẹ̀yìn síta, ó ń ránṣọ lọ ràì.

"Ẹ kúulé o, Mà."

"Bàbá Peculiar, ẹ káàbọ̀. Ìyá Peculiar ńkọ́? Ẹ jókòó. Ẹ bá mi bó díẹ̀, kọ́wọ́ yín má dilẹ̀."

Ó jókòó, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Nígbà tí ìyá wọlé lọ gbé ìsasùn kúrò lórí iná, Akínladé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn Kẹ́hìndé. "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Bóyá mi ò tiẹ̀ ka dáìsì yẹn dáadáa."

"Ẹ kà á dáadáa. Mo rí i."

"Purity ní oògùn kan tó lè..."

"Ṣé mo ní kó padà ni?" Kò yíjú. "Bàbá Peculiar, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé kó padà?"

Ìyá ti dé. Ó fìdí lé àpótí, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò.

"Ó dáa tẹ́ ẹ wá," ó ní. "Gbogbo Sátidé lọmọ yìí máa ń wá ròyìn fún mi. 'Ìyá, Táyé ti dé ìlú àwọn aláró. Ìyá, Táyé ta iyọ̀ fún ọba wọn, ọba náà ò fẹ́ sanwó.' Mo mọ̀ pé eré ni o. Orí mi pé. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi í. Lónìí ó wọlé, ó kọjú sí maṣíìnì, kò sọ nǹkan kan." Ó gbọn èèpo kúrò lẹ́sẹ̀. "Níbo ló dé?"

Maṣíìnì dákẹ́.

Akínladé wo ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka igi kankan kò sí níbẹ̀ tí yóò dì mú.

"Ó ti sọdá, Mà," ó ní. "Odò kan wà lọ́nà ibẹ̀, ó fẹ̀. Ó ti dé òdì kejì. Ọjà iyọ̀ ńlá wà lọ́hùn-ún. Àwa tá a wà níhìn-ín la ò ní lè rí i mọ́."

Ìyá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ tó ti ń retí fún.

"Igbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà létí odò lápá ibí. Iyọ̀ ṣì kù nínú ẹ̀."

Kẹ́hìndé dìde. Wọ́n gbọ́ tó ń fọwọ́ tú inú agolo tó ń kó bọ́tìnnì sí. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló nà sí Akínladé.

"Ẹni yìí á bá igbá yẹn pàdé ní Sátidé. Ẹ má tíì bi mí lórúkọ ẹ̀." Ó fẹ́ wọlé, ó tún dúró. "Ẹ má sì yọ ẹ̀ka igi kankan fún un o. Gbogbo wa la mọ̀. À ń dákẹ́ fún yín ni."

Akínladé gbà á. Ìgbà náà ló rántí ti pupa, ó yọ ọ́ lápò, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ìyá na ọwọ́ sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun tí ará ọ̀nà jíjìn fi ránṣẹ́, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó fa kókó náà le.

Títí di ìsinsìnyí, Akínladé ti rò pé tìtorí Kẹ́hìndé nìkan ni ilé yẹn ṣe ń sọ pé Táyé lọ ra iyọ̀. Ó wo ọwọ́ ìyá tó ṣì wà lórí kókó etí ìró.

"Bàbá Peculiar," ni Ìyá Ìbejì wí, "ẹ lajú yín. Inú èèpo lẹ ń ju ẹ̀gúsí sí."

Ó wò ó, òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa á kúrò láàrin èèpo lọ́kọ̀ọ̀kan. Maṣíìnì ti tún ń dún nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ní kó máa lọ.